Ìtànṣán, Jẹjẹrẹ Ìfun Ìdí àti Àwọn Irú Rẹ̀ Tó Ṣọ̀wọ́n

Ìfun ìdí ni ìkángun ìfun ńlá, níbi tí ìgbẹ́ ti ń dúró kó tó gba ihò ìdí jáde. Kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, ṣùgbọ́n ara tó tẹ́ inú rẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Apá tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó ń sun omi yíyọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tó ti ń di ihò ìdí, sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tó jọ ti awọ ara ló gba ibẹ̀. Jẹjẹrẹ tó bá yọ lára sẹ́ẹ̀lì olómi yíyọ̀ ni àwọn dókítà ń pè ní adenocarcinoma, òun ló sì ju ìdá 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó kù pín sí oríṣiríṣi: jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ, mẹlanómà tó ń wá láti ara sẹ́ẹ̀lì tó ń mú awọ dúdú, jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe họ́mónù, lymphoma, àti àwọn mìíràn tí dókítà lè ṣiṣẹ́ títí yóò fi fẹ̀yìn tì láì rí ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Àwọn irú tó ṣọ̀wọ́n yìí, pàápàá ti sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ, ló fi hàn kedere pé ìtànṣán lè wo jẹjẹrẹ agbègbè yìí sàn, kí aláìsàn sì pẹ́ láyé láìjẹ́ pé wọ́n gé ìdí rẹ̀ dànù. Ẹ̀yìn wọn ni irú tó wọ́pọ̀ ti wá kọ́gbọ́n.

Kí ìtànṣán tó dé, ọ̀bẹ nìkan ni. Ní Paris, Jacques Lisfranc gba abẹ́ gé jẹjẹrẹ ìfun ìdí jáde ní 1826, nígbà tí kò tíì sí oògùn tí ń múni sùn kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kanni lára. Láti ìgbà náà títí di ìparí ọ̀rúndún yẹn, abẹ́ yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ń gbà. Aláìsàn tó bá là á já á lọ sílé, kò sì ní pẹ́ tí àrùn náà yóò fi padà. William Ernest Miles, oníṣẹ́ abẹ ní London, fúnra rẹ̀ ka àwọn tó ṣe é fún: nínú 57, 54 ni jẹjẹrẹ padà sí lára. Ó yẹ òkú àwọn tó kú wò, ó sì rí i pé àrùn náà ti gba òkè sá lọ sínú ikùn kí ọ̀bẹ tó débẹ̀ rárá. Ní 1908 ó gbé iṣẹ́ abẹ tuntun jáde: wọ́n á la ikùn, wọ́n á tún gba abẹ́, wọ́n á kó ìfun ìdí, ihò ìdí àti gbogbo àwọn kókó kéékèèké tí jẹjẹrẹ lè sá pamọ́ sí kúrò. Wọ́n á wá dá ihò sí ara ikùn, ibẹ̀ ni ìgbẹ́ yóò máa gbà bọ́ sínú àpò títí ọjọ́ ikú.

Iṣẹ́ ńlá ni Miles ṣe, kò sí iyàn níbẹ̀. Àwọn tó kú sí iṣẹ́ abẹ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ kò kéré, síbẹ̀ àwọn tó yè ń pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ohun tí èèyàn lè bá a wí sí ni pé odidi ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi lo iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo yìí fún gbogbo irú jẹjẹrẹ tó bá wà níbẹ̀, yálà sẹ́ẹ̀lì olómi yíyọ̀ ni o, yálà sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ ni o. Fún jẹjẹrẹ ihò ìdí tó jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ, nǹkan bí ìdajì ló ń pé ọdún márùn-ún láyé lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn pẹ̀lú àpò lára.

Ìtànṣán ti wọ ayé kí Miles tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ní oṣù November 1895, ní Würzburg ní Jámánì, Wilhelm Röntgen rí ìtànṣán tó ń gba inú ẹran ara kọjá, ó pè é ní X. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Marie àti Pierre Curie ṣàwárí radium ní Paris. Kò pẹ́ rárá tí àwọn dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dojú ìtànṣán wọ̀nyí kọ jẹjẹrẹ, nítorí wọ́n ti rí i pé ó ń jó awọ ara àwọn tó ń lò ó. Àmọ́ ìtànṣán ìgbà náà kò lágbára láti wọlé jìnnà: kó tó dé ibi tí ìfun ìdí wà, ó ti jó awọ ìta tán. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi yàn láti gún abẹ́rẹ́ tí radium wà nínú rẹ̀ mọ́ kókó jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Kókó kékeré máa ń pòórá nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹran ara tó yí i ká ni yóò kú, tí ojú ọgbẹ́ kò sì ní jinná.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà yanjú kò jẹ mọ́ ìfun ìdí rárá, ara àgbò ni wọ́n ti rí i. Claudius Regaud, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìwádìí nípa ohun abẹ̀mí ní Ilé Ẹ̀kọ́ Radium ní Paris, ń tan ìtànṣán sí kóró ẹpọ̀n àgbò láti mọ ohun tí yóò sọ wọ́n di aláìlèbímọ. Tó bá fún wọn ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, awọ ẹpọ̀n á jó, síbẹ̀ àgbò náà lè ṣì gùn kó bímọ. Tó bá pín in sí díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, àgbò á di aláìlèbímọ, awọ kò sì ní ní ohun púpọ̀ tó ṣe é. Sẹ́ẹ̀lì inú kóró ẹpọ̀n ń pín ní kíákíá bíi ti jẹjẹrẹ. Awọ ara kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń rí àyè tún ara rẹ̀ ṣe láàárín ìtọ́jú kan sí èkejì. Henri Coutard tó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìmọ̀ yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn tó ní jẹjẹrẹ ọ̀fun, ó sì wo àwọn kan sàn. Láti ìgbà náà wá ni aláìsàn tó ń gba ìtọ́jú onítànṣán ti ń lọ sílé ìwòsàn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dípò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀nà kejì ni ti ìtànṣán tí wọ́n ń gbé sún mọ́ kókó gan-an. Henri Chaoul ló ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Berlin ní àwọn ọdún 1930, àwọn dókítà ní Montpellier sì fi tọ́jú jẹjẹrẹ ìfun ìdí ní àwọn ọdún 1940. Ẹni tó wá fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe é ni Jean Papillon, ní Lyon, láti 1951. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò ju 50 kilovolt lọ, agbára tí àwọn onímọ̀ ìgbà náà ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú nítorí wọ́n ń wá ẹ̀rọ ńláńlá. Papillon mọ ohun tó ń ṣe. Ìtànṣán aláìlágbára náà máa ń kú láàárín mìlímítà díẹ̀, nítorí náà kókó jẹjẹrẹ nìkan ni yóò gbà á, kò ní dé àpò ìtọ̀ tàbí ilé ọmọ. Aláìsàn á kúnlẹ̀, á fi àyà lé orí ibùsùn. Dókítà á ti ọ̀pá tóóró kan gba ihò ìdí wọlé títí yóò fi kan kókó náà, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ẹ̀rọ mú. Nǹkan bí Gy 30 (Gy ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán), ìwọ̀n tó pọ̀ gidigidi, ni yóò tú sí i láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á tún un ṣe. Dókítà ń fojú ara rẹ̀ rí bí kókó náà ṣe ń sún kì láti ìgbà kan sí èkejì, èyí tó bá sì kọ̀ láti sún kì, wọ́n á tètè gbé e fún oníṣẹ́ abẹ.

Àwọn tí kókó wọn kéré, tí kò sì tíì wọ inú lọ ni Papillon ń yàn, nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló sì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú jẹ́ arúgbó tí nǹkan mìíràn pa. Fún jẹjẹrẹ ihò ìdí, ó ń lo ìtànṣán cobalt láti ìta, á sì fi wáyà iridium-192 gún un lẹ́yìn náà. Ó kó gbogbo ìrírí yìí sínú ìwé kan ní 1982. Síbẹ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kọbi ara sí i púpọ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ náà sì ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀. Ó tó ẹ̀yìn ọdún 2000 kí wọ́n tó tún ṣe tuntun, tí wọ́n sì fi orúkọ Papillon pè é.

Cobalt-60 tí a mẹ́nu bà yìí ló jẹ́ kí ìtànṣán láti ìta lè dé ìsàlẹ̀ ikùn láì sun awọ. Kánádà ló ti bẹ̀rẹ̀, ní ìlú London ní Ontario àti ní Saskatoon, ní 1951. Ẹ̀rọ linac tó ń fi iná mànàmáná ṣe ìtànṣán tó tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e ní Ilé Ìwòsàn Hammersmith ní London ní 1953. Irinṣẹ́ ti wà nílẹ̀ wàyí; èrò ló kù.

Norman Nigro, oníṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Wayne State ní Detroit, kò gbèrò láti fi ìtànṣán rọ́pò ọ̀bẹ. Ohun tó ń wá ni bí jẹjẹrẹ ihò ìdí yóò ṣe sún kì kí iṣẹ́ abẹ Miles lè rọrùn. Ó lo ìtànṣán Gy 30 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì fi oògùn méjì tì í lẹ́yìn. Àkọ́kọ́ ni 5-FU, tí Charles Heidelberger ṣe jáde ní Wisconsin ní 1957; ó máa ń dí sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti tún ohun tí ìtànṣán bà jẹ́ nínú rẹ̀ ṣe. Èkejì ni mitomycin, oògùn láti Japan, tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tí atẹ́gùn kò tó nínú kókó, irú èyí tí ìtànṣán nìkan kì í sábà pa. Ó dájú pé wọn kò mọ gbogbo àlàyé yìí dáadáa nígbà náà. Wọ́n kàn mọ̀ pé oògùn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ni.

Ìjábọ̀ tó jáde ní 1974 kò ju aláìsàn mẹ́ta lọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún méjì lẹ́yìn ìtànṣán àti oògùn. Nígbà tí wọ́n gbé ìfun tí wọ́n gé jáde dé ilé àyẹ̀wò, kò sí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kankan nínú rẹ̀ mọ́. Aláìsàn kẹta kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ṣe iṣẹ́ abẹ, jẹjẹrẹ rẹ̀ sì lọ pátápátá bẹ́ẹ̀ náà. Ká ní ẹni kẹta náà gbà ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá pẹ́ kó tó yé àwọn dókítà: wọ́n ti gé ìdí èèyàn méjì tí kò ní àrùn mọ́ lára. Láti ibẹ̀ ni Nigro ti yí ọ̀nà padà. Ó kọ́kọ́ ń gé ojú àpá nìkan láti yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó yá, kò gé ohunkóhun mọ́ àfi tí jẹjẹrẹ bá ṣẹ́kù.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ bi í léèrè pé kí ló fi dá a lójú pé kò ní padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àwọn onítànṣán náà ń bi í pé kí ni oògùn ń ṣe níbẹ̀ nígbà tí Papillon ń fi ìtànṣán nìkan wo àwọn kan sàn. Ìbéèrè kejì yìí ni wọ́n fi ìwádìí ńlá dáhùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. ACT I, tó jáde ní 1996, pín aláìsàn 585 sí ọ̀nà méjì bí ẹni ṣẹ́ ìbò: ìtànṣán nìkan, tàbí ìtànṣán pẹ̀lú 5-FU àti mitomycin. Lára àwọn tó gba ìtànṣán nìkan, ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà kò lọ tán lára wọn tàbí tó tún yọ sí lójú kan náà. Nínú àwọn tó gba oògùn kún un, ìdá 36 ni. Ní ti iye àwọn tó wà láàyè, ìyàtọ̀ kò tíì hàn gbangba.

Ibí yìí ni sùúrù ti ṣe pàtàkì. Àwọn olùwádìí náà ń bá àwọn aláìsàn wọn lọ fún ọdún 13, wọ́n sì jábọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2010. Nígbà náà ló wá hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó gba ìtànṣán pẹ̀lú oògùn, nǹkan bí 25 ló bọ́ lọ́wọ́ kí jẹjẹrẹ máa padà sójú kan náà, tí nǹkan bí 12 sì bọ́ lọ́wọ́ ikú tí jẹjẹrẹ náà ì bá fi pa wọ́n, tí a bá fi wọ́n wé àwọn tó gba ìtànṣán nìkan. Láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, ikú láti ọwọ́ àwọn àìsàn mìíràn ti pọ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó gba oògùn, èyí sì ti bo èrè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìwádìí tó bá dúró ní ọdún mẹ́ta kò lè rí ohun tí wọ́n rí.

ACT II, tó jáde ní 2013 pẹ̀lú aláìsàn 940, wò ó bóyá oògùn mìíràn, cisplatin, lè dára ju mitomycin lọ. Kò dára jù ú. Àmọ́ ìwádìí náà kọ́ àwọn dókítà ní ohun mìíràn tí wọn kò wá lọ: jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ kì í kánjú kú. Ọ̀pọ̀ kókó tó ṣì hàn ní ọ̀sẹ̀ 11 ti pòórá nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ 26, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún sì mọ́ tónítóní nígbà náà. Àwọn tí wọ́n ti kánjú gé ìdí wọn ní oṣù kẹta láyé àtijọ́ kò ní níye.

Ohun tó ń fa jẹjẹrẹ yìí wá yé wọn láàárín àsìkò kan náà. Harald zur Hausen ní Jámánì rí kòkòrò HPV 16 nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ní 1983, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Kòkòrò kan náà ló wà lẹ́yìn bíi ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ihò ìdí, ó sì ń yára ṣiṣẹ́ ibi lára ẹni tí HIV ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára. Jẹjẹrẹ tí HPV fà sì máa ń tètè gbọ́ ti ìtànṣán, èyí tó ṣàlàyé díẹ̀ nínú àṣeyọrí Nigro.

Gbogbo èyí, ihò ìdí ni. Jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tó wà nínú ìfun ìdí gan-an, lókè ibi tí irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ yẹ kó wà, tún ṣọ̀wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: kò tó 3 nínú 10,000 jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Raiford ló kọ́kọ́ jábọ̀ ọ̀kan ní 1933. Ó ṣọ̀wọ́n débi pé ní 1979 Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti ṣe òfin bí èèyàn yóò ṣe mọ̀ ọ́n: kó má jẹ́ pé láti ibòmíràn lára ló ti ràn wá, kó má jẹ́ pé ihò ìdí ló ti gòkè wá, kó má sì sí ojú egbò tó là wọ inú ìfun tí sẹ́ẹ̀lì awọ ti gbà wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń ṣe fún àwọn aláìsàn wọ̀nyí nítorí ìfun ìdí ló ti yọ. Láti bí ọdún 2000 ni àwọn ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn àti ìtànṣán Nigro tọ́jú wọn, tí kókó sì ń pòórá bíi ti ihò ìdí. Kò sí ìwádìí ńlá tó lè pín irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sí méjì, wọn kò tó bẹ́ẹ̀ níye. Ìjábọ̀ aláìsàn mẹ́ta níhìn-ín, méje lọ́hùn-ún, ni wọ́n fi gbé ìtọ́jú náà ró, ọ̀pọ̀ dókítà sì ti gbà á báyìí pé òun ló yẹ kó ṣíwájú ọ̀bẹ.

Lára irú tó wọ́pọ̀, iṣẹ́ mìíràn ni ìtànṣán kọ́kọ́ ṣe. Ní Sweden, láàárín 1987 sí 1990, wọ́n fún ìdajì nínú aláìsàn 1,168 ní Gy 25 láàárín ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Jẹjẹrẹ tó padà sójú kan náà dín kù láti ìdá 27 sí 11, àwọn tó pé ọdún márùn-ún láyé sì pọ̀ láti ìdá 48 sí 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ọdún 13, ìdá 38 ṣì wà láàyè lára àwọn tó gba ìtànṣán, 30 lára àwọn tí kò gbà á. Láti pa ìdí mọ́ láì gé e kò tíì sí lọ́kàn wọn. Angelita Habr-Gama, oníṣẹ́ abẹ obìnrin ní São Paulo, ló dá a láṣà. Nígbà tó rí i pé kókó àwọn kan pòórá pátápátá lẹ́yìn oògùn àti ìtànṣán, kò gé wọn, ó ń pè wọ́n padà wá yẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Ní 2004 ó jábọ̀ pé nínú aláìsàn 265, irú wọn jẹ́ 71. Àwọn kan pè é ní aláfojúdi. Lónìí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìwádìí OPERA ti 2023 sì fi hàn pé tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ Papillon kún ìtànṣán ìta, ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì ní ìfun ìdí wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Láìsí i, ìdá 59 ni.

Mẹlanómà kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1857 tí Moore ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ níbi yìí ni ó ti ń pa ọ̀pọ̀ àwọn tó ní i láàárín ọdún díẹ̀. Ìtànṣán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kékeré lè dá a dúró lójú kan, kí aláìsàn má sì gbé àpò. Àmọ́ ó ti sábà sá lọ sí ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró ṣáájú, kò sì sí ohun tí ìtànṣán ìsàlẹ̀ ikùn lè ṣe sí ìyẹn. Jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe họ́mónù, èyí tó le nínú wọn, ń hùwà bákan náà. Lymphoma ní tirẹ̀ máa ń yọ́ níwájú ìtànṣán díẹ̀.

Àwọn tó sì pẹ́ láyé ń gbé ẹrù ìtànṣán náà lọ. Ìgbẹ́ lè máa gbọ̀n wọ́n lójijì, ẹ̀jẹ̀ lè máa yọ, egungun ìbàdí lè sán. Obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ lè ṣíwọ́ nǹkan oṣù, ọkùnrin lè máà lè bímọ mọ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà láti darí ìtànṣán kó má kan ìfun kékeré àti awọ abẹ́ púpọ̀.

Ní Nàìjíríà, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti UCH ní Ìbàdàn wà lára àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tó ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ṣí ibi ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun kan ní LUTH ní 2019. Ìṣòro tó ṣe gbòógì ni ẹ̀rọ tó ń bàjẹ́ láàárín ìtọ́jú: ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó bá di oṣù mẹ́ta ń fún jẹjẹrẹ láyè láti tún hù. Ìdí mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ irú tó ṣọ̀wọ́n fi kan ibẹ̀. Àwọn olùwádìí Ilé-Ifẹ̀ àti New York jábọ̀ ní 2021 pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá tí ẹ̀rọ àtúnṣe DNA rẹ̀ ti bàjẹ́ pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà ju ti Amẹ́ríkà lọ. Ní 2022, àwọn dókítà ní New York jábọ̀ pé àwọn fún aláìsàn 12 tó ní irú rẹ̀ nínú ìfun ìdí ní oògùn dostarlimab, tó ń jí àwọn ọmọ ogun ara dìde sí jẹjẹrẹ. Kókó gbogbo àwọn 12 náà ló pòórá, kò sì sí èyí tó gba ìtànṣán tàbí tí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn nínú wọn.